Limit switch àti sensor lórí drive mọ́tò: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn oníṣẹ́ Ìbàdàn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ń so géètì tó ń sún lọ sún bọ̀ lórí irin ní Bódìjà tàbí Àkóbọ̀, ẹni tó ní router tí ń gé pátákó, àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè tàbí bẹ́líìtì ní ilé iṣẹ́ lágbègbè Olúyọ̀lé. Mọ́tò oníná là ń wí, kì í ṣe ọkọ̀. Drive sì ni àpótí tó ń darí mọ́tò náà, ì báà jẹ́ VFD (èyí tó ń yí iye Hz iná padà kí mọ́tò lè yára tàbí kó dẹ eré), drive stepper (ti mọ́tò tó ń yí ní ìgbésẹ̀ kéékèèké) tàbí servo (ti mọ́tò tó ń ròyìn ibi tó dé padà fún drive).

Kí ẹ tó ṣí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ pa iná láti orí breaker, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì fi mítà wọn àárín P+ àti N− (ẹnu DC ti drive náà) kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. VFD tó ń jẹ iná 415 V lè ní nǹkan bí 580 V DC nínú kapásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn.

Iṣẹ́ wo gan-an ni limit switch ń ṣe?

Ó ń sọ fún drive pé ohun tí ẹ̀rọ ń gbé ti dé òpin ọ̀nà. Drive fúnra rẹ̀ kò lójú. Yíyí ni mọ́tò ń yí, kò mọ̀ bóyá géètì ti kan òpó.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní limit, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Home ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n. Limit ni ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Slow-down ni ibi tó ti gbọ́dọ̀ dẹ eré. Lórí router kékeré, súíṣì kan lè ṣe home kó sì ṣe limit. Lórí ohun tó ń gbé ẹrù sókè, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀.

NC ni kí n lò ni, àbí NO?

NC (normally closed, ẹnu tó wà ní pípadé). Nínú NC, iná ń kọjá nígbà gbogbo tí ohunkóhun kò bá tẹ súíṣì náà. Bí géètì bá tẹ̀ ẹ́, iná á gé. Wáyà tó já, síkúrù tó tú, eku tó gé wáyà jẹ: gbogbo wọn ló jọ òpin ọ̀nà lójú drive, ẹ̀rọ á sì dúró. Bí ó bá jẹ́ NO (normally open, ẹnu tó ṣí títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́), wáyà tó já kì í pariwo. Ohun gbogbo á máa lọ geere títí di ọjọ́ tí géètì bá dé òpó tí kò sì dúró.

Àwọn kan ń sọ pé NO ló rọrùn, torí pé ẹ̀rọ kì í ṣàdédé dúró. Ohun tí wọ́n ń sọ gan-an ni pé àwọn ò fẹ́ mọ̀ nígbà tí wáyà bá bàjẹ́.

Súíṣì mi ní terminal mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èwo ni kí n so?

Lórí micro switch kékeré, ẹ ó rí COM (ẹnu àpapọ̀), NC àti NO tí wọ́n kọ sára rẹ̀. COM àti NC ni kí ẹ lò, ẹ fi NO sílẹ̀ lófìfo. Lórí limit switch ńlá oní-roller tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i. Ẹ wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn: méjì tó parí sí 1 àti 2, bíi 11-12 tàbí 21-22, NC ni, èyí tó parí sí 3 àti 4, bíi 13-14 tàbí 23-24, NO ni.

Ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ nìkan, pàápàá lórí ọjà olówó pọ́ọ́kú. Ẹ gbé mítà sí ibi tó ń ké, ẹ fi sára terminal méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ ké kí ẹ tó tẹ súíṣì, kó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà ogún. Èyí tó bá ń ké ségesège, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Súíṣì tí wọ́n kọ 10 A, 250 V sí, ẹnu fàdákà ló sábà máa ní, wọ́n sì ṣe é fún iná tó pọ̀. Bí iná 5 V tí kò tó nǹkan bá ń gba ibẹ̀ kọjá fún oṣù bíi mélòó kan, ẹnu náà lè dógùn-ún díẹ̀, kí iná má sì rí ọ̀nà gbà mọ́. Pẹ̀lú 24 V, kì í fi bẹ́ẹ̀ dààmú ènìyàn. Níbi tí 5 V bá ti pọn dandan, ẹ wá èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ gold.

Ṣé mi ò kúkú lè fi limit switch sáàárín drive àti mọ́tò, kó máa gé iná mọ́tò gan-an?

Rárá. Bí ẹ bá gé wáyà U, V tàbí W nígbà tí iná ń lọ nínú rẹ̀, iná á ta sáàárín ẹnu súíṣì, foltéèjì tó fò sókè lójijì sì lè pa IGBT (transistor tó ń fún mọ́tò ní iná) inú VFD. Ti drive stepper tún burú jù: ẹ yọ wáyà mọ́tò nígbà tí drive wà lórí iná, ó lè kú lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà àṣẹ ni limit switch ń gé, kì í ṣe wáyà agbára. Bó bá pọn dandan pé kí iná agbára gé, ní ọwọ́ ibi tí iná ti ń wọlé sí drive ni contactor (súíṣì ńlá tí coil ń fà) ti gbọ́dọ̀ wà.

Báwo ni mo ṣe máa so súíṣì méjì sórí VFD?

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí òpin iwájú dá ìrìn iwájú nìkan dúró, kí òpin ẹ̀yìn dá ti ẹ̀yìn nìkan dúró. Ẹni tó bá so méjèèjì mọ́ stop kan ṣoṣo á rí i pé géètì ti dé òpin, kò sì ṣeé dá padà mọ́ àfi kí wọ́n fọwọ́ fà á.

Ká mú VFD tí ń gba àṣẹ bí a bá so FWD tàbí REV mọ́ COM. Wáyà á kúrò ní COM lọ sí bọ́tìnì iwájú, láti ibẹ̀ lọ sí ẹnu NC ti súíṣì òpin iwájú, láti ibẹ̀ lọ sí FWD. Bákan náà fún ẹ̀yìn: COM, bọ́tìnì ẹ̀yìn, NC òpin ẹ̀yìn, REV. Ó tán. Bí géètì bá tẹ súíṣì iwájú, àṣẹ FWD á gé, REV á ṣì ṣiṣẹ́.

Nínú parameter, ẹ rí i dájú pé orí terminal ni àṣẹ ti ń wá, kì í ṣe orí keypad, nítorí bọ́tìnì RUN tó wà lójú drive kò mọ̀ pé súíṣì kankan wà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n so wáyà bó ṣe yẹ, wọ́n dán an wò láti orí keypad, géètì gbá òpó, wọ́n ní súíṣì ló bàjẹ́.

Àwọn drive kan ní àyè fún limit gan-an nínú parameter wọn. Nínú Altivar ti Schneider, bí àpẹẹrẹ, LAF ni òpin iwájú, LAR ni òpin ẹ̀yìn. Bí drive yín bá ní irú rẹ̀, òun ni kí ẹ lò, torí pé drive fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé òpin ọ̀nà ló dé, ibi yòówù kí àṣẹ ti wá.

Sensor mi ní wáyà mẹ́ta, wọ́n kọ LJ12A3-4-Z/BX sí i. Kí ni gbogbo ìyẹn?

Brown ni ọwọ́ plus, blue ni 0 V, black ni ó ń mú ìròyìn jáde. 12 ni fífẹ̀ ara rẹ̀ ní mílímítà, 4 ni jíjìnnà tó ti lè mọ irin, 4 mm. Lẹ́tà ìparí ló ṣe kókó nígbà tí ẹ bá ń rà á:

BX jẹ́ NPN, NO
AX jẹ́ NPN, NC
BY jẹ́ PNP, NO
AY jẹ́ PNP, NC

BX ló kún ọjà. Fún limit, AX tàbí AY ni kí ẹ béèrè.

NPN máa ń fa wáyà black lọ sí 0 V. PNP máa ń gbé +24 V jáde lójú black. Èyí tí ẹ ó mú wà lọ́wọ́ drive. Bí input drive bá ń jí nígbà tí ẹ so ó mọ́ 0 V, NPN ló bá a mu. Bí ó bá ń jí nígbà tí ẹ fún un ní 24 V, PNP ni. Ọ̀pọ̀ VFD ní jumper tàbí súíṣì kékeré nínú tí wọ́n kọ NPN/PNP tàbí sink/source sí lára. Ẹ lè fi yí i padà. Sensor tí kò bá drive mu kì í jó, kò kàn ní ṣe nǹkan kan: iná ara rẹ̀ á máa tàn, á máa kú bó ṣe yẹ, drive kò sì ní mọ̀.

Bí drive kò bá ní àyè fún limit, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tò sensor mọ́ bọ́tìnì bí ẹ ṣe tò súíṣì lásán. Ẹ lo rílè 24 V kékeré. Fún AX, so coil rílè sáàárín brown àti black, kí ẹ sì fi dáyóòdù 1N4007 kan lé orí coil náà, ìlà funfun ara rẹ̀ sí ọwọ́ plus. Ẹnu NO ti rílè náà lẹ ó wá tò mọ́ FWD. Nígbà tí irin kò sí níbẹ̀, sensor á di rílè mú. Bí irin bá dé, tàbí wáyà bá já, tàbí 24 V bá lọ, rílè á jábọ́, FWD á gé. Kí ẹ tó fa iná rílè láti inú 24 V ti drive, ẹ wo ìwé rẹ̀. Iná yẹn kì í pọ̀, bóyá 100 sí 200 mA, rílè kan sì lè jẹ nǹkan bí 40 mA nínú rẹ̀.

Sensor náà kò rí irin mi, bẹ́ẹ̀ 4 mm ni wọ́n kọ.

4 mm yẹn wà fún irin lásán. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, jíjìnnà náà á wálẹ̀ sí bíi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ìyẹn 1.6 mm. Kọ́pà náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, lórí géètì alumíníọ̀mù tàbí router tí ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ fi síkúrù dè pẹlẹbẹ irin kékeré kan síbi tí sensor á máa wò. Ẹ fi àyè 2 mm sí 3 mm sílẹ̀, ẹ má ṣe lo gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí irin máa ń gbọ̀n, géètì sì máa ń mì. Sensor tí orí rẹ̀ yọ síta kúrò nínú irin ara rẹ̀, ẹ má ṣe rì í wọnú irin mìíràn. Á máa rí irin yẹn ní gbogbo ìgbà.

Báwo ló ṣe yẹ kí súíṣì jìnnà sí òpó tó?

Ìṣirò ni, kì í ṣe ojú lásán. Ká ní géètì ń rìn ní 0.2 m láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí drive wà ní 50 Hz, tí decel time (àkókò tí drive fi ń dẹ eré títí á fi dúró) sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2. Ìdajì eré ìsáré ní ìgbà àkókò ìdádúró ni: 0.5 × 0.2 × 2, ó jẹ́ 20 cm. Géètì á fi 20 cm kọjá súíṣì kó tó dúró. Ẹni tó gbé súíṣì sí 5 cm sí òpó á máa gbọ́ gbàà lójoojúmọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ drive, decel time jẹ́ àkókò láti 50 Hz dé òdo. Bí ẹ bá ti dẹ eré sí 10 Hz kó tó kan súíṣì, eré á jẹ́ 0.04 m, àkókò á jẹ́ 0.4, ọ̀nà tó máa fi kọjá á sì jẹ́ 8 mm péré. Ìdí nìyẹn tí slow-down fi tọ́. Láti 50 Hz wá sí 10 Hz pẹ̀lú decel yìí kan náà á gba bíi 19 cm. Ẹ gbé slow-down sí 30 cm ṣáájú limit, ẹ so ó mọ́ input tí ẹ fún ní multi-speed (eré tí ẹ ti yàn sílẹ̀), ẹ fi eré yẹn sí 10 Hz.

Kí ló dé tí ẹ ò kàn ní dín decel kù sí 0.3? Torí pé géètì tó wúwo á sọ mọ́tò di jẹnẹrétọ̀, foltéèjì inú drive á ga, drive á kọ over-voltage, á jọ̀wọ́ mọ́tò. Géètì á wá máa lọ fúnra rẹ̀ láìsí ohun tó dì í mú. Bí ẹ bá nílò ìdádúró kíákíá, ẹ fi braking resistor sí i. Ẹ tún wo stop mode: bí ó bá wà ní coast tàbí free run (tí drive kàn ń jọ̀wọ́ mọ́tò), gbogbo ìṣirò òkè yìí ti dòfo.

Irin tí ń tẹ súíṣì náà gbọ́dọ̀ gùn ju ọ̀nà tí géètì á fi kọjá lọ. Bí ọ̀nà ìdádúró bá jẹ́ 20 cm, tí irin yẹn sì jẹ́ 6 cm, géètì á tẹ súíṣì, á kọjá rẹ̀, súíṣì á padà sípò, drive á sì gbà pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá ṣì wà lórí bọ́tìnì, á tún gbéra.

Iná lọ, iná dé, ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè wá ń lọ sísàlẹ̀ tí mo bá tẹ òkè. Limit kò sì dá a dúró.

Ẹ pa á kíákíá, ẹ má ṣe tún dán an wò. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lórí mọ́tò tó ní VFD. Orí èyí tó ń lo contactor tààrà ló ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti tún wáyà òpó ṣe tàbí wọ́n ti pààrọ̀ transformer, phase méjì sì ti gba ipò ara wọn. Ó tún lè jẹ́ pé phase jẹnẹrétọ̀ kò bá ti iná àdúgbò mu, tí ẹ sì yí changeover. Mọ́tò á máa yí sódì.

Ibi tí ewu wà nìyí. Limit òkè ń gé contactor òkè nìkan. Nígbà tí mọ́tò bá ti yí sódì, contactor ìsàlẹ̀ ló ń gbé ẹrù lọ sókè, limit òkè kò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ìkọ́ á lọ gbá orí ẹ̀rọ, okùn irin sì lè já. Phase sequence relay kan tí ẹ tò ẹnu rẹ̀ mọ́ iná coil contactor méjèèjì ló ń yanjú rẹ̀: bí phase bá yí tàbí ọ̀kan bá sọnù, coil kankan kò ní mú.

VFD ń sọ gbogbo iná tó wọlé di DC kó tó ṣe phase tirẹ̀ jáde, nítorí náà bó ti wù kí L1, L2, L3 yí padà, mọ́tò kò ní yí sódì. Àmọ́ bí ẹnì kan bá pààrọ̀ wáyà U àti V níbi mọ́tò, wàhálà kan náà ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé mọ́tò lọ dì ní waya tuntun, ẹ dán limit wò bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó ni.

Router mi ń kọ ALARM:1 láàárín iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò dé òpin.

GRBL (ètò inú Arduino tó ń darí router) ló kọ ọ́, ALARM:1 sì ni pé ó rò pé wọ́n tẹ súíṣì. Bí kò bá dé òpin lóòótọ́, ariwo iná láti ọ̀dọ̀ VFD spindle ló wọnú wáyà limit. Arduino ń fi 5 V aláìlágbára wo ẹsẹ̀ D9, D10 àti D12, nítorí náà wáyà mítà méjì tó bá wáyà spindle rìn lè fi ariwo tẹ súíṣì náà láìsí ọwọ́.

Ohun tó máa ń yanjú rẹ̀ pátápátá ni optocoupler, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àṣẹ kọjá láìso iná méjèèjì pọ̀. Ẹ fi 24 V gba inú súíṣì NC, kó gba resistor 4.7 kΩ, kó wọ ẹsẹ̀ 1 ti PC817, kó jáde ní ẹsẹ̀ 2 lọ sí 0 V ti 24 V yẹn. Ẹsẹ̀ 4 lọ sí D9, ẹsẹ̀ 3 lọ sí GND Arduino. Iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá jẹ́ nǹkan bí 5 mA, resistor onídá mẹ́rin watt tó o. Torí pé NC ni, ẹ kọ $5=1. Ẹ má ṣe so 0 V méjèèjì pọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ti ba iṣẹ́ optocoupler jẹ́.

Súíṣì méjì ti axis kan ń tò tẹ̀lé ara wọn lórí ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, $22=1 fún homing, $21=1 fún hard limit, $20=1 fún soft limit; soft limit kò ní gbà láìsí homing. ALARM:8 túmọ̀ sí pé ó ti fà sẹ́yìn lẹ́yìn homing ṣùgbọ́n súíṣì ṣì wà ní títẹ̀: ẹ sọ $27 di 3 dípò 1. ALARM:9 ni pé ó wá súíṣì títí kò rí i: ọ̀nà homing ti lè jẹ́ òdì, ẹ wo $23. Bí router bá ti kan súíṣì ní tòótọ́, ẹ pa iná, ẹ fọwọ́ yí screw sẹ́yìn.

Servo mi kò rìn rárá, kò sì kọ àṣìṣe tó yé mi.

Ẹ wo input POT àti NOT (òpin iwájú àti òpin ẹ̀yìn), tàbí P-OT àti N-OT lórí Yaskawa. NC ni wọ́n ń retí láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ kò bá so nǹkan kan síbẹ̀, drive gbà pé òpin méjèèjì ti dé. Ẹ so súíṣì, tàbí bí axis náà bá ń yípo tí kò lópin, ẹ pa wọ́n nínú parameter.

Irú wáyà wo?

Wáyà onírun púpọ̀, 0.5 sí 0.75 mm², tó ní shield. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníirun kan ṣoṣo tí àwọn kan ń lò á já nínú ibi tó ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀. Ẹ so shield mọ́ ilẹ̀ ní ọwọ́ drive nìkan, ẹ gé e sí ọwọ́ súíṣì. Ẹ fi ó kéré tán 20 cm jìnnà sí wáyà mọ́tò, bí wọ́n bá sì gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n gbé ara wọn ní àgbélébùú.

Géètì ń ṣiṣẹ́ lọ́gbẹlẹ̀, tí òjò bá rọ̀ á dúró.

Omi ti wọ súíṣì tàbí orí ìsopọ̀ wáyà. Ẹ jẹ́ kí wáyà wọlé láti ìsàlẹ̀, kó sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, kí omi lè kán síta. Ẹ lo súíṣì IP67 (tí omi àti eruku kì í wọ̀) àti gland tó fún mọ́ wáyà, kí ẹ sì dí ihò tí kò ní wáyà. Kì í ṣe torí omi nìkan: ọmọ́nílé àti èèrà fẹ́ràn àpótí tó gbóná, ẹyin ọmọ́nílé kan lábẹ́ ọwọ́ micro switch sì tó láti má jẹ́ kó tẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, sensor oníìmọ́lẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kú torí eruku. Fún géètì ìta àti fún ibi tí wọ́n ti ń gé pátákó, sensor tó ń mọ irin ló dára jù.

Ṣé limit switch tó fún ààbò ènìyàn?

Kò tó. Parameter lè yí, ẹnu rílè lè lẹ̀ mọ́ra. Lórí ohun tó ń gbé ẹrù sókè, súíṣì kejì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, tí ń gé contactor àgbà tí iná ń gbà wọlé, tàbí STO (Safe Torque Off, ẹnu tó ń gba agbára kúrò lọ́wọ́ mọ́tò) ti drive, tí kò sì gba inú parameter kankan kọjá. Ẹ ra èyí tó ní àmì ọfà nínú àyíká lára: bí ẹnu rẹ̀ bá tilẹ̀ lẹ̀, títẹ̀ á fi agbára yà á.

Kí ni kí n dán wò kí n tó gba owó iṣẹ́?

Ẹ fi drive sí 5 Hz, géètì ní àárín ọ̀nà. Bí ó ti ń lọ síwájú, ẹ fi ọwọ́ tẹ súíṣì iwájú: ó gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ tẹ ti ẹ̀yìn nígbà tó ń lọ síwájú: kò gbọ́dọ̀ dúró. Bí ó bá dúró nígbà tí ẹ tẹ èyí tí kò yẹ, ẹ ti gbé súíṣì fún ara wọn. Ẹ ṣe bákan náà ní ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà kan lára súíṣì kọ̀ọ̀kan. Ìrìn ọwọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kú. Ẹ wá fi eré kún un, kí ẹ sì fi tẹ́ẹ̀pù wọn ibi tó dúró sí. Ní ìkẹyìn, ẹ pa breaker láàárín ìrìn, ẹ dá iná padà: géètì kò gbọ́dọ̀ gbéra fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan tẹ bọ́tìnì.